Ṣé kí n fi ohun tó wù mí jù ṣáájú? Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń pín àyè fún àwọn tó ń wá a

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán nílẹ̀ bí àsìkò ìforúkọsílẹ̀ bá ti dé. Fọ́ọ̀mù ní kí èèyàn kọ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ibi iṣẹ́ tó ń fẹ́, látorí èyí tó wù ú jù dórí èyí tó ṣì lè fara mọ́. Ó mú bírò, ó wá dákẹ́. "Ibi tí mo fẹ́ gan-an yìí, èrò pọ̀ níbẹ̀. Bí mo bá fi ṣáájú tí wọn ò gbà mí, ṣé èyí tí mo kọ tẹ̀lé e kò ní bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́?" Ọ̀rẹ́ kan á ní kó kọ òtítọ́, kó fọkàn balẹ̀. Òmíràn á fi í rẹ́rìn-ín, á ní òmùgọ̀ ló ń kọ òtítọ́ sí fọ́ọ̀mù, kó fi ibi tó dájú ṣáájú.

Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì lè tọ̀nà. Ìlànà tí wọ́n fi ń pín àyè náà ló máa sọ èwo nínú wọn ni kó gbọ́ràn sí lẹ́nu, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀ pé ìlànà yìí ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n rò pé kọ̀ǹpútà kàn ń pín nǹkan ni, àfi bí ẹni pé ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti pín in. Mo fẹ́ fi hàn yín pé lísìtì kan náà, láìyí ohunkóhun padà nínú rẹ̀, lè gbé èèyàn lọ síbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

## Àwọn ọ̀rọ̀ wo la máa nílò?

Mẹ́rin péré. Àyè ni ohun tí wọ́n ń pín: ìjókòó kan nílé-ẹ̀kọ́, iṣẹ́ kan nílé-ìwòsàn, yàrá kan níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Lísìtì ni ohun tí ẹni tó ń wá àyè kọ, bó ṣe wù ú sí. Ìtò ni ti apá kejì: bí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ibi iṣẹ́ ṣe to àwọn tó ń wá àyè, ta ló ṣáájú, ta ló tẹ̀lé e. Ó lè jẹ́ máàkì ìdánwò ni wọ́n fi tò wọ́n, ó lè jẹ́ bí ilé wọn ṣe súnmọ́ tó, ó sì lè jẹ́ pé gègé ni wọ́n ṣẹ́. Èyí tó kẹ́yìn ni ìlànà, ìyẹn àwọn ìgbésẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé láti so lísìtì pọ̀ mọ́ ìtò. Òun ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pè ní algorithm.

Ẹ kíyè sí i pé kò sówó nínú gbogbo ìyẹn. Lọ́jà, bí èrò bá pọ̀ jù lórí ọjà kan, owó rẹ̀ á lọ sókè, àwọn kan á yẹra, ọ̀rọ̀ parí. Níbi tí a kò bá ti fẹ́ kí owó pinnu, nǹkan mìíràn gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí owó ń ṣe. Nǹkan mìíràn ọ̀hún ni ìlànà.

## Ẹni mẹ́ta, àyè mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kékeré kan tí a máa gbé rìn títí. Àìná, Bọ́lá àti Dàda ń wá ilé-ẹ̀kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló wà, Òkè, Àárín àti Ìsàlẹ̀, àyè kọ̀ọ̀kan péré ló sì kù nínú wọn.

Àárín ló wu Àìná jù, Òkè ló tẹ̀lé e. Òkè ló wu Bọ́lá jù, Àárín ló tẹ̀lé e. Bákan náà ni ti Dàda: Òkè, lẹ́yìn náà Àárín. Ìsàlẹ̀ ló gbẹ̀yìn nínú lísìtì gbogbo wọn.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ náà ní ìtò tiwọn. Ní Òkè, Àìná ló ṣáájú, Dàda tẹ̀lé e, Bọ́lá gbẹ̀yìn. Ní Àárín, Bọ́lá ló ṣáájú, Àìná tẹ̀lé e, Dàda gbẹ̀yìn. Ìsàlẹ̀ á gba ẹnikẹ́ni tó bá dé.

Bí ìwé bá wà nítòsí yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí a máa padà síbẹ̀ léraléra. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ sí Ìsàlẹ̀. Kò sí ìlànà tó lè gbà wọ́n lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹni tó máa lọ ni ìjà wà lé lórí.

## Gbà-á-lójú-ẹsẹ̀: kí ló dé tí ẹni tó sọ òtítọ́ fi ń jìyà?

Orúkọ tí mo fún ìlànà kọ̀ọ̀kan jẹ́ tèmi, kó lè rọrùn láti rántí. Èyí àkọ́kọ́ ni èyí tó máa wá sọ́kàn ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ní kó pín àyè láìròtẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà á wo ibi tí oníkálukú kọ sí ipò kìíní. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan á mú nínú àwọn tó fi òun ṣáájú, ẹni tó bá sì mú, ó ti mú un pátápátá. Àwọn tó ṣẹ́kù á lọ wo ibi tí wọ́n kọ sí ipò kejì, bí àyè bá ṣì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á ṣe máa lọ.

Àìná nìkan ló fi Àárín ṣáájú, nítorí náà ó wọlé síbẹ̀. Bọ́lá àti Dàda jọ fi Òkè ṣáájú; Dàda ga ju Bọ́lá lọ nínú ìtò Òkè, òun ni wọ́n mú. Bọ́lá wá yíjú sí Àárín, níbi tó jẹ́ pé òun gan-an ni wọ́n tò ṣáájú gbogbo èèyàn. Wọ́n ti tilẹ̀kùn. Ìsàlẹ̀ ló bá ara rẹ̀.

Ẹni méjì nínú mẹ́ta ló rí ohun tí wọ́n kọ sí ipò kìíní. Ìdí nìyẹn tí ìlànà yìí fi ń dùn mọ́ àwọn aláṣẹ nínú: iye àwọn tó rí ohun tí wọ́n fi ṣáájú máa ń dára láti kà síta. Àmọ́ ohun tí èèyàn kọ sí ipò kìíní lè má jẹ́ ohun tó wù ú jù. Ká ní Bọ́lá ti fura, tó sì purọ́ pé Àárín ni òun fẹ́ jù, Àárín ni ì bá gbà á wọlé lọ́wọ́ kan. Àìná tó kọ òtítọ́ ni ì bá kù síta, ì bá sì sáré lọ sí Òkè tó wà ní ipò kejì rẹ̀, níbi tí òun náà ti ṣáájú gbogbo èèyàn, kó tó rí i pé Dàda ti gbà á. Ìsàlẹ̀ ni òun náà ì bá bá ara rẹ̀. Irọ́ ẹnì kan lè sọ òtítọ́ ẹlòmíràn di àdánù.

Èyí kì í ṣe àròsọ. Irú ìlànà yìí ni wọ́n fi pín àwọn ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nílùú Boston ní Amẹ́ríkà títí di 2005, débi pé orúkọ ìlú náà ni àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń pè é títí dòní. Àwọn òbí tó mọ bí nǹkan ṣe ń lọ máa ń ṣèpàdé, wọ́n á jọ ṣe ìṣirò ibi tí èrò máa pọ̀ sí àti ibi tó yẹ kí wọ́n sá fún. Àwọn òbí tí kò mọ̀ kọ òtítọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ní 2003, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, Atila Abdulkadiroğlu àti Tayfun Sönmez, tẹ ìwádìí kan jáde tó tú iṣu ọ̀rọ̀ náà dé ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ìlú náà pa ìlànà rẹ̀ tì. Ní England náà, ìlànà ìgbaniwọlé tó jáde ní 2007 ní ilé-ẹ̀kọ́ kankan kò gbọ́dọ̀ sọ mọ́ pé àwọn tó fi òun ṣáájú ni òun máa kọ́kọ́ gbà.

Lábẹ́ irú ìlànà yìí, ọ̀rẹ́ tó ní kẹ́ ẹ fi ibi tó dájú ṣáájú kò purọ́ fún yín. Ó ń dùn mí láti sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

## Jẹ́-kí-n-rò-ó-ná: báwo ni ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣe yí ohun gbogbo padà?

Ní 1962, David Gale àti Lloyd Shapley, onímọ̀ ìṣirò méjì, tẹ àpilẹ̀kọ kékeré kan jáde nípa ìgbaniwọlé sí yunifásítì àti ìdúróṣinṣin ìgbéyàwó. Ẹni tí kò mọ ìṣirò rárá lè kà á kó yé e. Àfẹ́sọ́nà ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ, èmi náà á sì yá a lò.

Ẹ wo ọmọbìnrin kan tí ọkùnrin wá bá pé òun fẹ́ ẹ. Kò sọ pé òun gbà, kò sì sọ pé òun kọ̀. "Jẹ́ kí n rò ó ná" ló sọ. Lọ́jọ́ kejì, ẹlòmíràn tó wù ú ju ti àkọ́kọ́ lọ yọjú. Ó sọ fún ti àkọ́kọ́ pé kó máa lọ, ó sì sọ "jẹ́ kí n rò ó ná" fún ẹni tuntun. Ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ kò kú; ó gbéra, ó lọ bá obìnrin kejì tó wà lọ́kàn rẹ̀. Obìnrin yẹn náà lè ti ní kí ẹnì kan dúró, ó sì lè jẹ́ kẹ́ni ọ̀hún máa lọ bó bá jẹ́ pé ẹni tuntun yìí ló sàn lójú rẹ̀. Kò sí ìgbéyàwó kankan títí dìgbà tí kò ní sí ẹni tó tún fẹ́ lọ kan ilẹ̀kùn mọ́. Ọjọ́ yẹn ni gbogbo "jẹ́ kí n rò ó ná" á di "mo gbà" lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ fi ilé-ẹ̀kọ́ rọ́pò àwọn obìnrin, kẹ́ ẹ fi àwọn tó ń wá àyè rọ́pò àwọn ọkùnrin. Àìná lọ sí Àárín, Àárín ní kó dúró ná. Bọ́lá àti Dàda lọ sí Òkè. Òkè dá Dàda dúró, ó ní kí Bọ́lá máa lọ. Bọ́lá kọrí sí Àárín. Lọ́tẹ̀ yìí, ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀, nítorí Àárín kò tíì fọwọ́ sí ti Àìná. Bọ́lá ló ṣáájú nínú ìtò Àárín, nítorí náà Àárín dá Bọ́lá dúró, ó ní kí Àìná máa lọ. Àìná gba Òkè lọ, ó ga ju Dàda lọ níbẹ̀, Dàda ló kan láti dìde. Dàda lọ sí Àárín, Bọ́lá jù ú lọ níbẹ̀, wọ́n dá a padà. Ìsàlẹ̀ ló kù. Gbogbo ìrìn parí: Àìná wọ Òkè, Bọ́lá wọ Àárín, Dàda wọ Ìsàlẹ̀.

Bí Bọ́lá ṣe kọ́kọ́ lọ dánwò ní Òkè kò pa á lára ní Àárín. Àárín ò bi í pé, "Ipò kelòó lo kọ mí sí?" Ohun tó wò ni ìtò tirẹ̀. Pípẹ́ dé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìlànà yìí, nítorí kò sẹ́ni tó ti jókòó gba-in-gba-in kí àwọn tó pẹ́ tó dé. A sì ti fi ìṣirò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí àwọn tó ń wá àyè bá ni àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn, kò sí irọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn lè kọ sí lísìtì tó máa gbé e dé ibi tó sàn ju ibi tí òtítọ́ máa gbé e dé. Ọ̀rẹ́ tó ní kẹ́ ẹ kọ òtítọ́ ló gba ẹ̀yẹ níbí.

## Kí ni "ìdúróṣinṣin" tí wọ́n ń sọ?

Ẹ padà wo Bọ́lá lábẹ́ Gbà-á-lójú-ẹsẹ̀. Ó wà ní Ìsàlẹ̀, Àárín wù ú ju Ìsàlẹ̀ lọ, Àárín náà sì tò ó ṣáájú Àìná tó mú. Bí Bọ́lá bá gbé fóònù tó pe Àárín, àwọn méjèèjì ló máa jèrè bí wọ́n bá da ìpín náà nù kí wọ́n jọ ṣe tiwọn. Ẹjọ́ tí Bọ́lá máa rò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìpín tí kò bá ní irú àwọn méjì bẹ́ẹ̀ nínú, tí kò sí ibì kan àti ẹnì kan tó máa fẹ́ sá lọ bá ara wọn, òun ni wọ́n ń pè ní ìpín tó dúró ṣinṣin. Ohun tí Gale àti Shapley fi hàn ni pé Jẹ́-kí-n-rò-ó-ná kì í parí láìdúró ṣinṣin, bó ti wù kí èèyàn àti àyè pọ̀ tó.

Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn dókítà tuntun ní Amẹ́ríkà kí ìlànà tó wà. Ilé-ìwòsàn ń bára wọn díje fún wọn, oníkálukú ń sáré ṣáájú ẹnìkejì, títí tó fi di pé láàárín àwọn ọdún 1940, wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ níṣẹ́ nígbà tó ṣì ku nǹkan bí ọdún méjì kó jáde. Wọ́n gbìyànjú láti fi ọjọ́ kan lélẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Ìyẹn tún bí ìṣòro mìíràn: ilé-ìwòsàn á pe akẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù pé kó dáhùn kí wákàtí díẹ̀ tó pé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣẹ́ ti lọ. Ta ló máa láyà láti dúró de ibi tó wù ú jù? Ní 1952, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó gbogbo lísìtì jọ sójú kan. Ìlànà tí wọ́n lò kò yàtọ̀ nídìí sí èyí tí Gale àti Shapley wá kọ lọ́dún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1984 ni Alvin Roth, onímọ̀ ọrọ̀ ajé, tó fi èyí hàn. Ìlànà yẹn ṣì wà títí dòní. Ní Britain, níbi tí àwọn ẹkùn kan ti gbìyànjú ìlànà tí kò dúró ṣinṣin fún àwọn dókítà tiwọn, Roth rí i pé irú ìlànà bẹ́ẹ̀ ní Newcastle àti Birmingham dàrú, wọ́n sì pa á tì. Àwọn èèyàn ń ṣe àdéhùn tiwọn lábẹ́ tábìlì.

Nílùú New York, kí wọ́n tó gbé Jẹ́-kí-n-rò-ó-ná wọlé fún ilé-ẹ̀kọ́ girama, nǹkan bí 30,000 ọmọ ló ń bá ara wọn lọ́dọọdún nílé-ẹ̀kọ́ tí wọn kò kọ sí lísìtì rárá. Lẹ́yìn tí ìlànà tuntun bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003 sí 2004, iye yẹn já wálẹ̀ sí nǹkan bí 3,000. Roth àti Shapley gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ọrọ̀ ajé ní 2012. Gale ti kú ní 2008, wọn kì í sì í fi ẹ̀bùn náà dá òkú lọ́lá.

## Bó bá dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí kò sẹ́ni tó rí ohun tó wù ú jù?

Ẹni tó bá ń fọkàn bá mi bọ̀ á ti rí i. Lábẹ́ Jẹ́-kí-n-rò-ó-ná, Àìná wà ní Òkè bẹ́ẹ̀ Àárín ló wù ú jù. Bọ́lá wà ní Àárín bẹ́ẹ̀ Òkè ló wù ú jù. Oníkálukú di ohun tí ẹnìkejì ń wá mú! Bí wọ́n bá pàdé lójú ọ̀nà, tí wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀, àwọn méjèèjì á dúnnú, Dàda á sì wà ní Ìsàlẹ̀ tó wà tẹ́lẹ̀, kò jèrè, kò sì pàdánù.

Ìlànà kẹta, Pààrọ̀, ń bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ gan-an. Shapley àti Herbert Scarf ló gbé e jáde ní 1974, wọ́n sì sọ pé Gale ló ta wọ́n lólobó ọgbọ́n inú rẹ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan á na ìka sí ilé-ẹ̀kọ́ tó wù ú jù. Ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan á na ìka sí ẹni tó tò ṣáájú. Àìná ń nàka sí Àárín, Àárín ń nàka sí Bọ́lá, Bọ́lá ń nàka sí Òkè, Òkè ń nàka sí Àìná. Ìka ti yípo dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wà nínú irú òbíríkítí bẹ́ẹ̀ á gba ohun tó nàka sí, wọ́n á sì jáde. Àìná gba Àárín, Bọ́lá gba Òkè. Dàda ṣẹ́kù pẹ̀lú Ìsàlẹ̀.

Òtítọ́ kì í pa ẹnikẹ́ni lára níbí náà, kò sì sí pàṣípààrọ̀ kankan tó ṣẹ́kù tó lè mú ẹnì kan láyọ̀ láìba ti ẹlòmíràn jẹ́. Kí wá ni àléébù rẹ̀? Ẹ bi Dàda. Òkè ló wù ú jù, ó sì ga ju Bọ́lá lọ nínú ìtò Òkè, síbẹ̀ Bọ́lá ló wà níbẹ̀. Bí òbí Dàda bá lọ sí ọ́fíìsì lọ béèrè ìdí, wọ́n á ní, "Àìná ló ni ipò ìṣáájú ní Òkè, ó fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Bọ́lá." Ẹ̀yin ẹ gbìyànjú láti fi ìyẹn tu òbí tínú ń bí nínú. New Orleans lo ìlànà yìí ní 2012, ó sì pa á tì lẹ́yìn ọdún kan péré.

Bó ti wù ká fọgbọ́n sí i tó, a kò lè fi ìlànà kan ṣoṣo rí méjèèjì nígbà gbogbo: kí gbogbo ìtò di àpọ́nlé láìyẹ̀, kí ó má sì sí pàṣípààrọ̀ tó ṣẹ́kù. Wọ́n ti fi ìṣirò fìdí ìyẹn múlẹ̀, àpẹẹrẹ wa sì ti fi hàn. Lójú tèmi, ohun tí ìtò dúró fún ló yẹ kó pinnu. Bó bá jẹ́ pé ilé-ìwòsàn ló fúnra rẹ̀ yan ẹni tó fẹ́ bá ṣiṣẹ́, ẹ má ṣe fọwọ́ pa ìtò rẹ̀ rẹ́, torí ó lè sá lọ. Bó bá jẹ́ pé gègé lásán ni wọ́n fi to àwọn ọmọ, kí ni èrè dídáàbò bo gègé débi tí ẹni méjì á fi máa wo ara wọn lójú pẹ̀lú ohun tí ẹnìkejì ń fẹ́?

Ibi tí ọgbọ́n Pààrọ̀ ti tàn jù kì í tilẹ̀ ṣe ilé-ẹ̀kọ́. Ọkọ kan fẹ́ fi kíndìnrín rẹ̀ kan ta ìyàwó rẹ̀ lọ́rẹ, ẹ̀jẹ̀ wọn ò bára mu. Níbòmíràn, tọkọtaya mìíràn wà nínú ìṣòro kan náà. Bí ti ọkọ yìí bá bá ìyàwó tọ̀hún mu, tí ti tọ̀hún sì bá tibí mu, wọ́n á pààrọ̀. Roth, Sönmez àti Utku Ünver ló to ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà fi lè wá irú àwọn bẹ́ẹ̀ kàn sójú kan nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ ní 2004.

## Tò-sórí-ìlà ń kọ́?

Èyí kò lọ́jú pọ̀. Gbogbo èèyàn á tò sórí ìlà kan ṣoṣo, bóyá nípa máàkì, bóyá nípa gègé. Ẹni àkọ́kọ́ á mú ohun tó wù ú, ẹnì kejì á mú nínú ohun tó kù. Bí gègé bá to Bọ́lá, Dàda, Àìná, Bọ́lá á gba Òkè, Dàda á gba Àárín, Ìsàlẹ̀ á kan Àìná. Òtítọ́ kì í pani lára níbẹ̀, ó sì rọrùn láti ṣàlàyé. Àmọ́ ìtò tí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní fúnra rẹ̀ ti dasán.

Ẹ ṣọ́ra fún àdàlù, ṣá. Ní 2024, United Kingdom fi ìlànà tuntun rọ́pò máàkì tí wọ́n fi ń pín àwọn dókítà tuntun sí ẹkùn. Kọ̀ǹpútà á fún oníkálukú ní nọ́ńbà láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Nínú ìrìn àkọ́kọ́, ipò kìíní nìkan ni wọ́n máa wò fún gbogbo èèyàn. Àwọn tí kò bá rí i gbà ni wọ́n á padà wá bá nínú ìrìn kejì, kí wọ́n tó wo ìyókù lísìtì wọn. Ó jọ Tò-sórí-ìlà lójú, ṣùgbọ́n ìrìn àkọ́kọ́ yẹn, Gbà-á-lójú-ẹsẹ̀ ni. Ibi tẹ́ ẹ bá fi sí ipò kejì lè ti kún kí wọ́n tó padà dé ọ̀dọ̀ yín, bí nọ́ńbà yín tiẹ̀ dára.

## Ta ló ń kan ilẹ̀kùn?

Mo sọ lẹ́ẹ̀kan pé àwọn tó ń wá àyè ló ń lọ kan ilẹ̀kùn. A lè yí i padà, kí ilé-ìwòsàn máa lọ bá dókítà, kí dókítà máa sọ "jẹ́ kí n rò ó ná". Ìpín náà á ṣì dúró ṣinṣin, ṣùgbọ́n apá tó ń kan ilẹ̀kùn ló ń jẹ ọ̀rá rẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ti àwọn dókítà Amẹ́ríkà gbà fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ariwo tó ta pé ojúsàájú ni. Roth àti Elliott Peranson tún un tò, láti 1998 ló sì ti jẹ́ pé dókítà ló ń kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìṣirò rẹ̀, nǹkan bí ẹnì kan nínú 1,000 ni ìyàtọ̀ náà kàn. Ó kéré, àmọ́ ó dá ìbéèrè "ṣé kí n purọ́?" dúró lọ́dọ̀ àwọn dókítà.

Ohun tó le jù fún wọn ni ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Dókítà méjì tí wọ́n fẹ́ra wọn fẹ́ wà nílùú kan náà, nítorí náà lísìtì méjì ti di ọ̀kan. Roth fi hàn pé nígbà tí irú wọn bá wà, ó lè má sí ìpín tó dúró ṣinṣin rárá, ẹni yòówù kó wá a. Kọ̀ǹpútà ń gbìyànjú, ó sì máa ń rí i ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ìlérí Gale àti Shapley kò dé ibẹ̀ yẹn.

## Ó dáa, kí ni kí n kọ sí fọ́ọ̀mù mi?

Ẹ má béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ẹ wo ìwé àlàyé wọn, tàbí kẹ́ ẹ bi ọ́fíìsì tó ń pín àyè ní ìbéèrè kan: "Bí ibi tí mo fi sí ipò kìíní kò bá gbà mí, ṣé ẹni tó fi ibi tí mo kọ sí ipò kejì ṣáájú lè gba àyè mọ́ mi lọ́wọ́ níbẹ̀, kìkì nítorí pé ó fi ṣáájú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ga jù ú lọ nínú ìtò wọn?" Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, Gbà-á-lójú-ẹsẹ̀ lẹ wà nínú rẹ̀, ẹ fi ọgbọ́n kọ ipò kìíní yín. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà lọ́kàn yín.

Ìkìlọ̀ kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ka dé. Lábẹ́ Jẹ́-kí-n-rò-ó-ná pàápàá, òtítọ́ kò léwu bí wọ́n bá jẹ́ kẹ́ ẹ kọ gbogbo ibi tẹ́ ẹ lè lọ. Nígbà tí ìlànà tuntun New York yẹn bẹ̀rẹ̀, ibi 12 péré ni wọ́n gbà kí ọmọ kọ. Bí ẹnì kan bá fi ibi méjìlá tó kún jù lọ kún lísìtì rẹ̀, gbogbo wọn lè ní kó máa lọ, lísìtì á sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí àyè orí fọ́ọ̀mù yín bá mọ níwọ̀n, ẹ jẹ́ kí ibi kan tó dájú wà nínú rẹ̀. Ibi tó bá tọ́ sí i nínú ọkàn yín ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, bó tiẹ̀ jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá, torí pé wíwà níbẹ̀ kò ní fa ọwọ́ èyí tó wà lókè rẹ̀ sẹ́yìn. Ibi tẹ́ ẹ kò sì ní lọ bí wọ́n bá gbà yín, ẹ má kọ ọ́ rárá.